Ẹ ràn wá lọ́wọ́ kí ọjà tó gbéra

Sí Olóòtú,

Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè ní Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀ níbí. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Èèpo kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ń dà nù lóko ni a máa ń sá, a ó sun ún di eérú, a ó sẹ́ omi rẹ̀, a ó wá gbé e kaná pẹ̀lú àdín. Ní Gánà, alata samina ni wọ́n ń pè é, a sì máa ń gbọ́ pé àwọn aláta tiwa tó ṣòwò débẹ̀ ló bí orúkọ náà.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Jámánì rí ọṣẹ mi lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun fẹ́ máa tà á. Ayọ̀ ńlá ni, àfi ìgbà tó béèrè ìwé. Òfin tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2009 lórí ọṣẹ àti ìpara ní dandan ni ìwé àyẹ̀wò tó fi hàn pé kò ní í ṣe awọ ara níjàǹbá. Òfin náà tún ní ẹnìkan tó fìdí kalẹ̀ lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ dúró fún ọjà náà. Ẹni tí kò bá ní alájọṣe lọ́hùn-ún, ẹnu ibodè ni ọjà rẹ̀ máa dúró sí.

Mo lọ sí ọ́fíìsì kan láti béèrè ìrànwọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni ìwé ọjà tí mo ti fi ránṣẹ́ rí. Ó dùn mí gan-an. Bí mo bá ní ìyẹn, kí ni mo tún wá dé ọ̀dọ̀ wọn? Láti 1976 ni NEPC, àjọ ìjọba àpapọ̀, ti wà fún ọ̀rọ̀ títa ọjà wa sókè òkun, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ọjà bá ti lọ, tí owó rẹ̀ ti wọlé, ni wọ́n tó ń san owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní EEG. Ó dára fún àwọn tó ń kó kòkó lọ. Báńkì ìjọba náà ń yáni lówó ra ẹ̀rọ, àmọ́ ìṣòro tèmi ti ṣáájú ẹ̀rọ.

Mo bẹ ìjọba Ọ̀ṣun, kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò, fún fífi ọṣẹ díẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n lò ó wò, àti fún wíwá ẹni tí yóò dúró fún wa lọ́hùn-ún. Ẹnìkan lè dúró fún gbogbo àwa tó ń se ọṣẹ ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, tí a bá jọ da owó rẹ̀. Fásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì nìyí láàárín ìlú, àwọn onímọ̀ ìpoògùn wà níbẹ̀. Kí ìjọba bá wọn sọ ọ́, kí wọ́n máa kọ́kọ́ bá wa yẹ ọṣẹ wò.

Obìnrin Jámánì yẹn tún kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kó ṣe sùúrù.

Èmi ni,
Ìyá Ọlọ́ṣẹ,
Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.