Sí Fọláṣadé, Lórí Òpó Tí A Kàn Sínú Yanrìn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Fọláṣadé,

Mo ti ka ìṣirò tí o fi ránṣẹ́ lórí àwọn òpó kọnkéré tí wọ́n fẹ́ kàn wọlẹ̀ ní Lekki, inú mi sì dùn pé o bi mí kí o tó buwọ́ lù ú. Kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò náà. Ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òpó ni mo fẹ́ kí o tún yẹ̀ wò.

Òpó rẹ fẹ̀ ní 300 mm ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ó sì wọlẹ̀ ní mítà 12. O lo òfin ti Meyerhof, onímọ̀ nípa agbára ilẹ̀, ti ọdún 1976, pẹ̀lú iye SPT (iye ìgbà tí òòlù gbá irin àyẹ̀wò kí ó tó wọlẹ̀ ní 300 mm) 15 fún ara òpó àti 25 fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ara òpó fún ọ ní 432 kN (kilonútọ̀nù, ìwọ̀n ẹrù tí ó lè rù), ẹsẹ̀ fún ọ ní 900, àpapọ̀ wọn 1,332. O pín in sí 3 nítorí ààbò, o sì gba 444 gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí òpó lè máa rù. Ṣé o rí i pé ẹsẹ̀ nìkan ló ru nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta? Bí amọ̀ rírọ̀ bá wà ní mítà kan péré sísàlẹ̀ ibẹ̀, bí ó ti máa ń rí ní etíkun Èkó níbi tí yanrìn àti amọ̀ ti ń gorí ara wọn, 900 yẹn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Má ṣe gba ihò àyẹ̀wò tí ó dúró ní mítà 12. Jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá ẹsẹ̀ òpó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Bí yanrìn náà bá kúnná tí ó sì wà lábẹ́ omi, iye SPT lè ga ju agbára rẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí Terzaghi àti Peck, àwọn onímọ̀ nípa agbára ilẹ̀, fi ní kí a dín ohun tí ó bá lé lórí 15 kù sí ìdajì: 25 rẹ a di 20, 444 rẹ a sì di 384. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ń gbẹ́ ihò bá jẹ́ kí omi inú páìpù lọ sílẹ̀ ju omi ilẹ̀ lọ, yanrìn a ru wọ inú ihò láti ìsàlẹ̀, iye náà a sì kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Dúró tì wọ́n, kí o fojú ara rẹ rí ibi tí omi dé.

Bí agbaṣẹ́ṣe bá ní òpó ti kọ̀, kò wọlẹ̀ mọ́, má tíì gbà. Yanrìn kíkúnná tí ó ki, tí omi sì kún inú rẹ̀, lè dẹ̀ lẹ́yìn tí a bá dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹ fi òpó náà sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tún gbá a láti mọ̀ bóyá yóò tún wọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n di ẹrù gidi lé ọ̀kan, títí dé ìlọ́po méjì ohun tí yóò máa rù, kí wọ́n sì máa wọn bí ó ti ń rì. Onílé yóò ráhùn nítorí owó; má dá a lóhùn.

Fi ìwé àyẹ̀wò ihò tuntun náà ránṣẹ́ sí mi kí o tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Èmi ni bàbá rẹ.