Ẹ jẹ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ bàọ́lọ́jì wa l'Ékìtì bọ́ sódò, kí wọ́n wọ̀gbẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Tíṣà bàọ́lọ́jì ni mí ní girama kan n'Íkẹ́rẹ́-Èkìtì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ló ti wà ní yunifásítì báyìí, àwọn kan l'Adó, àwọn kan ní Ọ̀yẹ́, àwọn míì ti lọ jìnnà. Tí wọ́n bá ti wálé ọlidé wọ́n máa ń yà kí mi, ohun tí mo sì máa ń bi wọ́n ni pé kí lẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ní sáà tó kọjá? Èsì tí mo ń gbọ́ ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Ọ̀kan tó wà ní 300 level ní àwọn bí ọgọ́ta ló yí maikirosíkóòpù kan ká, kó tó kan òun iná ti lọ, ni wọ́n bá ní kí wọ́n lọ ya èyí tó wà nínú ìwé. Òmíràn lọ ṣe IT, ìyẹn SIWES tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1973 torí káwọn ọmọ lè fojú ara wọn rí iṣẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n gbé e sí, ìgò ló ń fọ̀, oúnjẹ ọ̀gá ló ń lọ rà, oṣù mẹ́fà sì lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n bá a buwọ́ lu lógíbúùkù ẹ̀, ó tán. Ìgbà tó wá di final year tí wọ́n ní kó gbé pírójẹ́ẹ̀tì wá, ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́bàá géètì ló gbà lọ, wọ́n ta ti ẹlòmíì fún un, wọ́n pààrọ̀ orúkọ. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò lè dá ọmọ yẹn nìkan lẹ́bi, ẹni tí wọn ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ́ rí, ṣé ọjọ́ tí wọ́n ń wu iṣu ló máa wá mọ ebè kọ?

Ohun tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n má dúró di final year mọ́. Láti 200 level ni kí wọ́n ti mú àwọn ọmọ yìí mọ́ iṣẹ́ ìwádìí gidi, iṣẹ́ tí olùkọ́ gan-an ò tíì mọ ibi tó máa já sí.

Nǹkan tó fi dá mi lójú rèé. Ní 1966, olùkọ́ kan ní Indiana University l'Ámẹ́ríkà, Thomas Brock, ń ṣèwádìí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú omi gbígbóná ní Yellowstone, ọgbà ńlá ìjọba kan níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè kankan ló sì mú mọ́ra, Hudson Freeze lorúkọ ẹ̀. Inú omi yẹn ni wọ́n ti rí bakitéríà kan tí wọ́n pè ní Thermus aquaticus, nígbà tí ìwádìí náà sì jáde ní 1969, orúkọ ọmọ yẹn wà lára ẹ̀ pẹ̀lú ti ọ̀gá ẹ̀. Lára bakitéríà yẹn ni wọ́n ti wá rí ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara ohun abẹ̀mí yá) tí ooru kì í bà jẹ́, èyí tí wọ́n ń lò fún PCR, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA bíńtín di púpọ̀, tí Kary Mullis gbé jáde ní 1983, tó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1993. Àwọn tí wọ́n ti nǹkan bọ̀ nímú fún tẹ́ẹ̀sì Kòfídì, PCR ni wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú yín. Ọmọ ilé ìwé ló wà nídìí ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ o!

Àwa náà ní Ìkògòsì. Lóòótọ́ omi wa ò gbóná tó ti Yellowstone, ṣùgbọ́n ibo lèèyàn tún ti máa rí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù tí wọ́n ń ṣàn pàdé ara wọn lójú kan? Àwọn ọmọ wa ń lọ síbẹ̀ lọ ya fọ́tò, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ń bọ̀ nílé. Kí ló dé tí wọn ò lè bu omi níhà gbígbóná, kí wọ́n bù níhà tútù, kí wọ́n bù lójú ibi tí méjèèjì ti pàdé, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, kí wọ́n wo irú bakitéríà tó ń gbé níbi kọ̀ọ̀kan?

Ẹ tún wo àwọn ìgbín kéékèèké inú odò. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Bulinus, òun ló ń gbé àrùn tó ń mú kọ́mọ máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ní in lára á tọ̀ sódò, ẹyin kòkòrò tó ń fa àrùn yẹn á pa sínú omi, á wọnú ìgbín, á pọ̀ sí i níbẹ̀, á tún jáde wá wọ ara ọmọ tó bọ́ sódò. Àwọn ọmọ mọ gbogbo èyí lórí bí orúkọ bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ mú wọn lọ sétí odò láàárọ̀, kí wọ́n wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà torí kòkòrò yẹn máa ń gba awọ ara wọlé, kí wọ́n fi asẹ́ gbọ́n ìgbín lára ewé inú omi, kí wọ́n fi ìkọ̀ọ̀kan sínú ìgò kékeré tí omi tó mọ́ wà nínú ẹ̀, kí wọ́n wá gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà lọ́sàn-án. Bíi wákàtí kan sí méjì, bí ìgbín yẹn bá ní in, wọ́n á rí nǹkan funfun bíńtín bíńtín tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sókè sódò, tí wọ́n bá kán omi ẹ̀ sábẹ́ maikirosíkóòpù wọ́n á rí ìrù tó pín sí méjì ní ìdí. Kì í sì í ṣe gbogbo oní-ìrù méjì ló jẹ́ ti èèyàn, ti ẹran wà, ti ẹyẹ náà wà, ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè ti máa bẹ̀rẹ̀: èwo nìyí, odò wo ló ti wá, àwọn ọmọ wo ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀? Ẹ wo iye odò àti dáàmù tá a ní, dáàmù Ìkún-Èkìtì nìkan tó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Asẹ́, ìgò àti bàtà òjò ò sì wọ́n jù fún yunifásítì kankan.

Nínú igbó ọba tó wà n'Ísẹ̀-Èkìtì, àwọn ìnàkí ṣì wà níbẹ̀, chimpanzee gidi, irú èyí tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Mélòó nínú àwọn ọmọ bàọ́lọ́jì wa ló ti dé etí igbó yẹn rí? Mi ò ní kí wọ́n sún mọ́ wọn o, àìsàn èèyàn lè ran ìnàkí, kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ igi ti tó, kí wọ́n máa ka ìtẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ sórí igi láti sùn. Ti kòkó tó ń rà lórí igi lásìkò òjò mi ò tiẹ̀ tíì sọ, oko wà nílé gbogbo wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń jìyà, owó oṣù ò tó nǹkan, ìdaṣẹ́sílẹ̀ 2022 tó gba oṣù mẹ́jọ yẹn ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Síbẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá rí owó ìwádìí gbà lọ́wọ́ TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn ọmọ 200 level àti 300 level méjì-mẹ́ta sínú ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àwọn tó ń ṣe masters nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rán ọmọ lọ IT, ẹ bá wọn wá ibi tí iṣẹ́ wà. Redeemer's University l'Ẹ́dẹ ò jìnnà sí wa, láàbù ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka jẹ́ẹ̀nì kòrónà ní gbogbo Áfíríkà ní oṣù kẹta 2020. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, wà n'Íbàdàn. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ tẹ̀ lé e, ẹ má fi wíwá ibi tó máa lọ sílẹ̀ fún ọmọ náà nìkan.

Ẹ̀yin olóòtú náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ṣe irú iṣẹ́ yìí lódò ìlú ẹ̀, ẹ fún un ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kó fi Yorùbá sọ ohun tó rí, káwọn tó ń mu omi odò yẹn lè kà á. Mo ṣe tán láti bá wọn ka iṣẹ́ wọn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Èmi ni,
Tíṣà bàọ́lọ́jì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì