Ẹ fẹ́ràn ìkà inú ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Fọ́tò tí ẹ ń gbé sórí WhatsApp yín ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ẹnìkan gbé Light Yagami, ẹnìkan gbé Madara, ẹlòmíràn gbé Griffith, ìkà inú ìtàn àwòrán àwọn ará Japan ni gbogbo wọn. Ẹ fọkàn balẹ̀, n kò ní ní kí ẹ yọ wọ́n kúrò. Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé eré ọmọdé ni anime, ìyẹn fíìmù àwòrán Japan, àwọn mìíràn a ní nǹkan òkùnkùn ni. Èmi kò sí nínú wọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka manga, ìyẹn ìwé ìtàn àwòrán wọn, àwọn ìkà inú rẹ̀ sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kó sú mi. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu yín. Ọ̀rẹ́ ọ̀kan nínú yín fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ọmọ mi yẹn sì ní aláìlágbára kì í ṣe ẹni à á ṣàánú. Mo mọ ibi tó ti gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Raoh, nítorí ọ̀pọ̀ yín ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Inú manga kan tó ń jẹ́ Hokuto no Ken ló wà, èyí tí Buronson kọ, tí Tetsuo Hara sì ya àwòrán rẹ̀, láti 1983 títí di 1988. Bọ́ǹbù ti ba ayé jẹ́, àwọn ènìyàn ń pa ara wọn nítorí omi. Raoh wá gun ẹṣin dúdú ràgàjì kan jáde, ó ní òun ni òun máa tún ayé tò, ẹ̀rù ni òun sì máa fi tò ó. Nígbà tó máa kú, ó na ìkúùkù sí ojú ọ̀run, ó ní òun kò kábàámọ̀ ohunkóhun láyé òun. Ní 2007, wọ́n ṣe ìsìnkú fún un nínú tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan ní Tokyo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wá dágbére fún ẹni tí wọ́n fi yíǹkì yà sórí bébà. Ó yé mi dáadáa. Ká ní mo wà nítòsí ni, màá lọ.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé yẹn kan náà, àwọn ọmọ ogun Raoh wọ abúlé, wọ́n ń fi irin gbígbóná sàmì sí àwọn ènìyàn lára kí wọ́n lè di ti ọba. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Rin kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní tẹrí ba fún wọn. Àwọn tó ṣẹ̀dá Raoh kò fi ọmọ yẹn pa mọ́ fún wa. Wọ́n jẹ́ ká rí ọlá ọba, wọ́n sì jẹ́ ká rí ẹni tí ọba ń jẹ níyà.

Light ni mo fẹ́ bá yín sọ jù. Tsugumi Ohba ló kọ Death Note, Takeshi Obata ló ya á, láti 2003 sí 2006, ìwé 12 ni gbogbo rẹ̀. Light, akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ pé, rí ìwé kan he: ẹni tó bá kọ orúkọ ẹlòmíràn sínú rẹ̀, tó sì mọ ojú ẹni náà, ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ọ̀daràn tó há àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ́lé ló kọ́kọ́ pa. Ta ni kò ní sọ pé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ẹ wá ṣí ìwé kejì. Naomi Misora ń ṣọ̀fọ̀ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, òṣìṣẹ́ FBI tí Light pa. Arábìnrin náà ti fi ọgbọ́n ara rẹ̀ tú àṣírí kan, ó wá fi tó ọlọ́pàá létí. Light ló bá pàdé níbẹ̀, ó wá gbé aṣọ fún bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá. Wọ́n jọ ń rìn lọ, Light ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Orúkọ tí obìnrin náà kọ́kọ́ sọ kì í ṣe tòótọ́, ìwé kò sì lè pa á. Light rọ̀ ọ́, ó pọ́n ọn lé, títí tó fi fi káàdì rẹ̀ hàn án. Ó kọ orúkọ náà sínú ìwé, pé kí obìnrin náà lọ para rẹ̀. Ó wá ń wo aago ọwọ́. Naomi béèrè ìdí tó fi ń wo aago, ó sì dá a lóhùn pé, nítorí pé èmi ni Kira (orúkọ tí aráyé ń pe apààyàn náà nìyẹn). Ojú obìnrin náà yí padà, ó kẹ̀yìn sí i, ó lọ síbi tí yóò ti para rẹ̀.

Kí ni obìnrin yìí ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Inú fídíò kéékèèké tí ẹ ń wò lórí TikTok, Light ń rẹ́rìn-ín, orin ń dún. Naomi kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gé fídíò náà ti yọ àwọn òkú kúrò, ó sì ti yọ ìparí rẹ̀ náà, níbi tí Light ti wà nílẹ̀ tó ń bẹ Ryuk, òrìṣà ikú tó ni ìwé náà, pé òun kò fẹ́ kú.

Nítorí náà, ẹ ka ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ ìkà bá dùn mọ́ yín nínú, ẹ wo ẹni tó wà nílẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Nagato inú Naruto pàdánù òbí rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun abúlé Konoha, ọkàn mi bà jẹ́ fún un. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tó ní òbí wà ní Konoha lọ́jọ́ tó sọ ọ́ di kòtò.

Ẹni tí èmi fẹ́ràn jù ni Vegeta, inú Dragon Ball ti Akira Toriyama. Ó wá sáyé láti pa wá run, ó pa Nappa ẹnìkejì rẹ̀ nítorí pé kò wúlò mọ́. Nígbà tó yá, ó ní ìyàwó àti ọmọ láàárín wa. Síbẹ̀, ìgbéraga mú kó fi ọkàn rẹ̀ lé oṣó kan tó ń jẹ́ Babidi lọ́wọ́, ó sì pa àwọn òǹwòran tó jókòó jẹ́jẹ́ wọn ní pápá ìjà. Nígbà tó fẹ́ lọ kojú iwin burúkú tó ń jẹ́ Buu, ó di mọ́ Trunks ọmọ rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí látìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ìkókó. Ó wá bi Piccolo, jagunjagun ẹgbẹ́ wọn, bóyá òun máa rí Goku abánidíje òun lọ́run tí òun bá kú. Piccolo kò tàn án. Ó ní rárá, o ti pa àwọn aláìṣẹ̀ jù. Vegeta kò wí àwíjàre kankan. Ó ní kí Piccolo kó àwọn ọmọ lọ kíákíá.

Death Note wà lọ́dọ̀ mi nílé, ìwé kìíní títí dé ìkejìlá. Ẹni tó bá fẹ́ kà á kó wá yá a, kó sì dá a padà kí ẹlòmíràn lè rí i kà.

Èmi ni, bàbá yín.