Lẹ́tà sí Kẹ́hìndé, nípa pọ́nmọ́ mẹ́rin

Kẹ́hìndé, èjìrẹ́ ará Ìṣokùn,

Ṣé ara le? Àwọn ọmọ ńkọ́? Jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé mi dé, kí o má baà rò pé owó ni mo fẹ́ yá.

O rántí kásẹ́ẹ̀tì tí àǹtí wa máa ń fi ránṣẹ́ láti Houston, Full House, eré apanilẹ́rìn-ín Amẹ́ríkà nípa ìdílé kan, tó ń gbà sílẹ̀ fún wa lára tẹlifíṣọ̀n? Dúdú àti funfun ló máa ń jáde nílé wa, torí kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà àti ẹ̀rọ fídíò bàbá wa kò gbọ́ èdè ara wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún un wò lórí fóònù. Kẹ́hìndé, pupa ni mọ́tò yẹn o! Mọ́tò aláìlórùlé tí wọ́n fi ń sọdá afárá Golden Gate. Gbogbo ìgbà yẹn tí mò ń búra pé eérú ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn gan-an ló dá ìjà sílẹ̀. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹnì kan á máa ṣe nǹkan ẹ̀ lọ, á gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́, á rẹ́rìn-ín, orúkọ rẹ̀ á jáde. Nígbà tó kan Michelle, àbíkẹ́yìn bàbá ilé náà, o ní ọmọ méjì ni wọ́n ń pààrọ̀, pé ojú èyí tó ń sunkún kọ́ ni ojú èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní irọ́ ni. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì dúró, mo fìka tọ́ ọ: Mary Kate Ashley Olsen. Ẹnì kan tó ní orúkọ púpọ̀, bíi gbogbo ọmọ Yorùbá. Bí mo ṣe gba pọ́nmọ́ orí ìrẹsì rẹ ní Sọ́ńdè mẹ́rin nìyẹn.

Ìwọ lo jàre. Mary-Kate àti Ashley ni, ìbejì tí wọ́n bí ní 1986. Òfin California ò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ṣiṣẹ́ ju wákàtí 2 lọ lójúmọ́ níwájú kámẹ́rà, àwọn yìí ò sì tíì pé ọdún kan nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí èyí bá ṣe tán, èkejì á bọ́ síbẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí olùwòran mọ̀, ni wọ́n bá lẹ orúkọ méjèèjì pọ̀. Ó di sáà kẹjọ, tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n tó fi "àti" sáàárín wọn.

"Àti" yẹn ló dùn mí. Olùkọ́ wa ní praìmárì 3 kì í pe ẹnikẹ́ni nínú wa lórúkọ. "Ìbejì" ló ń pè wá, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló nà ọ́ nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá tí èmi ò ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láyé àwọn bàbá wa, èyí tó bá kú nínú ìbejì pàápàá ní ère tirẹ̀ àti oúnjẹ tirẹ̀.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní 1991, Jesse, àbúrò ìyá Michelle, àti Becky ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì nínú eré náà, Nicky àti Alex. Nínú ilé kan ṣoṣo, ìbejì kan ń jẹ́ ìbejì, ìbejì kejì ń ṣe bí ẹyọ ọmọ.

Ilé náà gan-an, òde rẹ̀ nìkan ni tòótọ́, ojúlé 1709 ní Broderick Street, San Francisco. Sítúdíò lágbègbè Los Angeles ni ilé ìdáná tí o fẹ́ràn. Danny, bàbá Michelle pàápàá, àrọ́pò ló ṣe é: John Posey ló kọ́kọ́ ṣe Danny nínú apá àkọ́kọ́ tí wọn ò gbé jáde, nígbà tí Bob Saget ráyè, wọ́n tún ibi tó ti hàn yà.

Apá tó kẹ́yìn, May 1995, kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wa. Michelle jábọ́ lórí ẹṣin, kò rántí ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí iyè rẹ̀ fẹ́ padà, ó rí Michelle mìíràn níwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì, lójúkojú. Mo dá a dúró níbẹ̀ bíi tọjọ́sí, mo ń wo ojú wọn, mò ń wá ìyàtọ̀ tí o rí.

Pọ́nmọ́ mẹ́rin ni mo jẹ ọ́. Tí o bá wálé ní Kérésì, èyí tó nípọn ni màá rà. Má gbà á lówó o.

Táyé