Okùn tẹ́ ẹ fi ń fa sìmẹ́ǹtì yẹn

Báyọ̀ ọmọ mi,

Ẹnìkan tó ti Ìjẹ̀bú-Òde dé ló ní òun rí ẹ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ́, ò ń fi okùn fa àpò sìmẹ́ǹtì sókè. Mo pè ẹ́ títí, o ò gbé e. Kí ni mo ṣe fún ẹ? Mi ò ní kó o má ṣe lébìrà o, iṣẹ́ ni, okùn yẹn ló ń já mi láyà.

Gbọ́ mi. Kílò 50 ni àpò sìmẹ́ǹtì. Tó bá so rọ̀ sójú kan, tàbí tẹ́ ẹ̀ ń fà á gòkè jẹ́jẹ́ tí eré ẹ̀ ò yí padà, tension inú okùn, ìyẹn agbára tó ń fa okùn le, ò ju ìwúwo àpò lọ, bíi 490 N (newton, òṣùwọ̀n agbára), òfin àkọ́kọ́ nínú òfin mẹ́ta tí Newton là sílẹ̀ ní 1687 nípa bí nǹkan ṣe ń rìn nìyẹn. Àmọ́ mo mọ̀ yín, ẹ máa ń já a gbà kó lè tètè dókè. Tí acceleration ẹ̀, ìyẹn bí eré ẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, bá jẹ́ 5 m/s² péré, òfin kejì ní ká fi kílò lọ́po acceleration, ká ro 9.8 tí ilẹ̀ fi ń fà á mọ́ ọn: 50 × (9.8 + 5), ó ti di 740 N! Sìmẹ́ǹtì yẹn náà ni o, kò wúwo sí i, okùn ló ń jìyà, tó bá sì ti gbó, ibẹ̀ ló máa já sí.

Màmá ẹ ti yan gààrí sílẹ̀ fún ẹ. Òjò ti ká páànù ẹ̀yìnkùlé wa ní Ṣágámù.

Okùn yẹn ṣá. Bó o ṣe ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lòun náà ń fà ẹ́, òfin kẹta, ìwọ sì rèé létí dẹ́kìn tí kò ní nǹkan ìdìmú. Tó bá wá já nígbà tó o fẹ̀yìn tì í, ta ló máa dì ẹ́ mú? Olórí kunkun ni ẹ́, ọmọ dáadáa sì ni ẹ́.

Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì, tí mo bá délé tó o bi mí ní nǹkan, màá ní ó ti rẹ̀ mí, lọ bi tíṣà ẹ. Ó ń dùn mí gan-an báyìí.

Jọ̀ọ́, wo ibi tí okùn ti ń ha etí dẹ́kìn, tó bá ti ń tú fọ́nrán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má já a gbà mọ́, ẹ fà á jẹ́jẹ́. Tó ò bá ní káàdì, flash mi lálẹ́ yìí, màá pè ẹ́ padà.

Bàbá ẹ