Ta Ló Bá Ẹni Tí Wọ́n Lù Sọ̀rọ̀?

Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkigbà tí ẹ bá gbé e jáde pé ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lé akẹ́kọ̀ọ́ dànù nítorí ìjà, ohun kan wà tí mo máa ń wá nínú ìròyìn náà tí n kì í rí, òun náà ni ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tí wọ́n lù. Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ kan fún ọdún mélòó kan, mo sì mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta lu ọmọ kan nínú ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ títí eyín rẹ̀ méjì fi yọ. Láti àárọ̀ ni ọmọ náà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì wa, tó fi ìnujú bo ẹnu. A pè é wọlé, ó sọ tẹnu rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ní kó máa lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n lé àwọn mẹ́ta náà. Èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ọ̀hún. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní kí wọ́n wo ojú ẹni tí wọ́n lù, bẹ́ẹ̀ ni a kò bi òun náà léèrè ohun tó ń fẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ ló san owó dókítà eyín. Kí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ náà tó parí, òun náà ti di ẹrù rẹ̀, ó ti bá ọ̀nà ilé lọ, nítorí pé ẹ̀rù àwọn ọ̀rẹ́ àwọn tí a lé ń bà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jà nínú mi nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Harrisonburg, ní àfonífojì Shenandoah ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní Amẹ́ríkà, tí mo sì gbọ́ nípa Eastern Mennonite University. Yunifásítì kékeré ni, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò tó 2,000, ìjọ Mennonite ló sì dá a sílẹ̀ ní 1917. Kìrìsìtẹ́nì tí kì í jagun ni àwọn Mennonite. Orúkọ Menno Simons, àlùfáà Àgùdà ará Nẹ́dálándì tó fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1536, ni wọ́n ń jẹ́. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọn dàgbà láìgbọ́ ìtàn Dirk Willems, tó sá kúrò lẹ́wọ̀n tí wọ́n jù ú sí nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní 1569, tó ń sáré lórí omi tó ti di yìnyín, tí yìnyín là mọ́ ẹni tó ń lé e bọ̀ lẹ́sẹ̀, tí Dirk sì yí padà lọ fà á yọ. Wọ́n mú un, wọ́n sì dáná sun ún.

Ní 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa pípẹ̀tù sí aáwọ̀ ní yunifásítì náà, lábẹ́ John Paul Lederach, ẹni tó ti bá wọn ṣe ìlàjà ní Nicaragua. Láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 ti wá jókòó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nígbà ooru. Howard Zehr náà dara pọ̀ mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sì wọ̀ mí lára jù. Ó ní ilé ẹjọ́ máa ń béèrè òfin tí wọ́n rú, ẹni tó rú u àti ìyà tó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tí wọ́n ṣe ní jàǹbá, ohun tí ẹni náà nílò, àti ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè àtiṣe é. Àwọn Mennonite ti dán an wò ní Elmira, ní Kánádà, ní 1974. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ba nǹkan jẹ́ ní ojúlé àti ibòmíràn tó jẹ́ 22 lóru ọjọ́ kan. Adájọ́ gbà kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́wọ́, kí wọ́n sì san owó ohun tó bàjẹ́.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Àwa la máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí ọmọ kan bá ṣẹ èkejì nínú agboolé, baálé á ní kó dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kó sì dá ohun tó bàjẹ́ padà. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́: nínú ìlàjà tiwa, ẹni tó kéré ni a sábà máa ń rọ̀ pé kó gbàgbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n ṣẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní Harrisonburg, òbìrìkìtì ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á máa gbé nǹkan kékeré kan láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni tí kò bá sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ la ẹnu. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà ni àṣà náà ti wá. Bó bá wà lọ́wọ́ ọmọdé, àgbà á dákẹ́ gbọ́ tirẹ̀ tán.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ oyìnbó lásán ni èyí, ẹ jẹ́ kó wo Làìbéríà. Sam Gbaydee Doe, ọmọ Làìbéríà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Eastern Mennonite, wà lára àwọn tó dá àjọ WANEP, tó ń ṣiṣẹ́ àlàáfíà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní Gánà ní 1998. Nínú àjọ yìí ni Thelma Ekiyor, ọmọ Nàìjíríà, ti gbé ètò àwọn obìnrin kalẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni Leymah Gbowee, ọmọ Làìbéríà, ti ṣiṣẹ́. Ní 2003, obìnrin Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sínú oòrùn ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, pé kí ogun abẹ́lé tó ń jà níbẹ̀ dáwọ́ dúró. Nígbà tí ìjíròrò àlàáfíà sì ń falẹ̀ ní Accra, wọ́n lọ fi ara dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fẹ́ mú Gbowee, ló bá tú gèlè rẹ̀, ó ní òun yóò bọ́ra sí ìhòòhò. Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, tó ń ṣe olórí onílàjà, ló jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí ni Gbowee tó lọ gba oyè másítà ní Harrisonburg ní 2007, ó sì wà lára àwọn tó gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà ní 2011.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lé akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ẹni tó bá gbé ìbọn wọ ọgbà ilé ìwé, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Wọ́n sì ti ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ àlàáfíà ní Yunifásítì Ìbàdàn tipẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ̀kọ́ náà dé yàrá tí irú ìgbìmọ̀ wa ti ń jókòó: kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní àga nínú yàrá náà, kó sọ̀rọ̀ títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ sì gbọ́ ọ kí a tó dá ẹjọ́ kankan.

Ẹ̀yin náà lè ràn wá lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tún lé akẹ́kọ̀ọ́ níbì kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n lù, kó bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti wá bẹ̀ ẹ́, kó sì bi í ta ló san owó dókítà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo