Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbowó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kó múra àtigbọ́ ẹjọ́ wa náà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìròyìn.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí, torí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fà síwá fà sẹ́yìn yìí ti wá sú mi, àwọn kan ní ìjọba ìpínlẹ̀ ló yẹ kó máa fún àwọn kọ́ńpìnnì ní láísẹ́ǹsì, àwọn kan ní ìjọba àpapọ̀ ló lágbára ẹ̀, àwọn míì ní kí wọ́n kúkú fòfin dè é pátápátá, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ ẹni tó máa gbowó, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ẹni tówó ẹ̀ ń lọ. Ẹni tówó ẹ̀ ń lọ yẹn, èmi mọ̀ ọ́n. Alájọ ni mí, Nyanya ní Àbújá ni mò ń gbé, Nyanya àti Mararaba ni mo ti ń gbàjọ láràárọ̀, lọ́wọ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ NAPEP, àwọn télọ̀, àwọn tó ń tún fóònù ṣe, àwọn fọgánáísà, títí kan àwọn mai ruwa tó ń ti omi kiri.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lójúmọ́, ìparí oṣù ló máa ń wá mi wá, mo yọ owó ọjọ́ kan tó jẹ́ tèmi, mo kó ìyókù fún un, ó fi san owó ilé tàbí owó iléèwé ọmọ. Nísinsìnyí ọjọ́ Jímọ̀ ni ìpè máa ń wọlé. "Mummy Alájọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lówó mi, nkan kan ṣẹlẹ̀ nílé." Mo mọ nkan tó ṣẹlẹ̀. Premier League ló ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n pè, a jẹ́ pé Champions League wà lọ́jọ́ Túsìdeè nìyẹn. Owó wọn ni, mi ò lè dì í mọ́ wọn lọ́wọ́, mo máa kà á fún wọn, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ àjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Mi ò kọ̀wé láti bú wọn o. Ẹni tó ń ti omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú oòrùn Àbújá, ẹ ò lè pè é ní ọ̀lẹ lójú mi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé owó tó ń rí kò tó nkan tó fẹ́ ṣe, owó ilé ti fò sókè, gààrí ti fò sókè, ó wá rí i pé tíkẹ́ẹ̀tì kan lè sọ ₦100 di ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún, ta ni kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ òfin ẹ̀ bó ṣe yé mi. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣe National Lottery Act, òun ni wọ́n fi gbé National Lottery Regulatory Commission kalẹ̀, wọ́n sì ń gbowó láísẹ́ǹsì káàkiri Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ ò sí nínú nkan tí ìwé òfin 1999 kó lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, ó gbé wọn lọ Supreme Court lọ́dún 2008, Èkìtì náà wá dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹjọ́ yẹn wà nílẹ̀ fún bíi ọdún 16. Ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n tó dá a pé Èkó jàre, pé National Assembly ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣòfin tẹ́tẹ́ fún ìpínlẹ̀ kankan, àfi FCT, ìyẹn agbègbè Àbújá wa níbí nìkan, torí àwa ò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwa, National Assembly ló ń ṣòfin fún wa. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni àwọn aṣòfin àpapọ̀ tún gbé àbádòfin Central Gaming Bill wá, wọ́n ní tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í mọ ààlà, pé ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ máa mójú tó o, àwọn ìpínlẹ̀ náà fárígá, wọ́n ní ẹni tí wọ́n ti ojú ọ̀nà lé jáde ló tún fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Àwa tá a wà ní Nyanya, ọ̀rọ̀ ààlà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé fún wa. Nyanya wà lábẹ́ FCT, Mararaba tó tẹ̀ lé e wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Nasarawa, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn fi ń rìn láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ọmọ tó bá wọ mọ́tò ní Mararaba láàárọ̀, tó wà nínú go-slow, tó ń tẹ fóònù ẹ̀ títí tó fi dé AYA nínú Àbújá, ìpínlẹ̀ wo ló ti ta tẹ́tẹ́? Owó orí ẹ̀, ṣé Lafia, olú ìlú Nasarawa, ló máa lọ àbí Àbújá? Mo mọ̀ pé àwọn lọ́yà á rí ìdáhùn ẹ̀, wọ́n sì máa rí i kíákíá, torí owó wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí mi ò rí ẹni dáhùn ni pé tí kọ́ńpìnnì bá rẹ́ ọmọ yẹn jẹ, ọ́fíìsì wo ló máa lọ?

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dájọ lọ́dọ̀ mi jẹ owó tẹ́tẹ́ tó tó ra máṣíìnì ìránṣọ oníná, ìgbà tó fẹ́ gbowó ẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tẹ́tẹ́ ẹ̀ kò bá ti báǹkì mu, kó fi káàdì ránṣẹ́, ó fi ránṣẹ́, wọ́n ní kó dúró, ó dúró, wọ́n wá ti àkáǹtì pa. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn tó wà ládùúgbò, ẹni tó jókòó síbẹ̀ ní òun kàn ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni, òun ò mọ nkan kan nípa ti fóònù. Ìgbà tó ń pàdánù, kò sẹ́ni tó bi í pé orúkọ ta ni. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnnì náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ yẹn ò mọ ibi kankan nílùú yìí tó lè gbé ẹjọ́ ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbowó láísẹ́ǹsì lórí ẹ̀.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe wà lẹ́yìn àwọn tó ní kó jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ súnmọ́ wa jù. Tí Nasarawa bá ṣí ọ́fíìsì sí Mararaba, a lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, a lè dúró síwájú ẹ̀ ká pariwo, honorable tó ń ṣojú Mararaba á gbọ́. Àmọ́ mi ò gbà kí wọ́n gba agbára yẹn torí owó nìkan. Ìpínlẹ̀ tó bá buwọ́ lu láísẹ́ǹsì, òun náà ni kó gbọ́ ẹjọ́.

Àwọn tó ní kí wọ́n fòfin dè é, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, Mùsùlùmí ni wọ́n àbí Kìrìsìtẹ́nì, kò sí ìkankan nínú ẹ̀sìn wa tó fọwọ́ sí tẹ́tẹ́. Ní Kánò, òfin Sharia kọ̀ ọ́, àwọn Hisbah, ẹ̀ṣọ́ Sharia ibẹ̀, sì máa ń lọ ti ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ pa. Àbúrò mi wà ní Sabon Gari, òun ló sọ fún mi pé àwọn ọmọ ibẹ̀ kàn gbé e lọ sórí fóònù ni. Hisbah lè ti ilẹ̀kùn, kò lè ti dátà. Ọmọ tó bá sì ń ta á níbi tí òfin ti kọ̀ ọ́, tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, ta ni kó lọ sọ fún?

Àwọn kan á ní ṣebí ayé àtijọ́ náà, àwọn bàbá wa ta púùlù, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù orí ìwé. Òótọ́ ni, bàbá mi náà kọ kópọ́ọ̀nù ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wá ọ̀mì, tí bọ́ọ̀lù Òyìnbó bá ti lọ họlidé wọ́n á gbé ti Ọsirélíà wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Tó bá ti ta ti Sátidé tán, ó di Sátidé míì, ó ti ráyè ṣiṣẹ́, orí ẹ̀ ti balẹ̀. Tòní, tí kò bá sí bọ́ọ̀lù gidi, virtual wà, bọ́ọ̀lù tí kọ̀ǹpútà ń gbá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń parí, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, tọ̀sán tòru. Owó àjọ oṣù kan lè lọ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù ju bọ́ọ̀lù gidi lọ.

Ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò kan fún yín, torí iṣẹ́ owó kíkà niṣẹ́ mi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ta géèmù kan, wọ́n máa ń kó mẹ́wàá pọ̀ sínú tíkẹ́ẹ̀tì kan, gbogbo ẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n tó gbowó. Ká ní géèmù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì-ìdajì, ó lè wọlé, ó lè má wọlé. Ọ́ọ̀dù, ìyẹn iye tí wọ́n máa fi táìmùsì owó ẹ̀ tó bá jẹ, tó yẹ kí wọ́n fún un ni 2.00, ṣùgbọ́n 1.90 ni wọ́n máa gbé síbẹ̀, lójú èèyàn kò tó nkan. Ẹ wá gbé káńkúlétọ̀, ẹ fi 1.90 táìmùsì 1.90 títí á fi pé mẹ́wàá, 613 lẹ máa rí. Ẹ ṣe 2.00 náà bẹ́ẹ̀, 1,024. Ìyẹn ni pé ọmọ tó fi ₦100 ta á, tí gbogbo ẹ̀ bá wọlé, nkan bíi ₦61,300 ló máa gbà dípò ₦102,400, èyí tí wọ́n yọ ti lé ní ogójì ẹgbẹ̀rún, òun ò sì mọ̀, torí ayọ̀ ń pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni, nínú 1,024 irú tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ ká retí pé ó máa wọlé. Wọ́n ò kọ ìyẹn sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ọmọ náà máa rí ni pé mẹ́sàn-án wọlé, ọ̀kan ló gé e, á máa sọ ọ́ kiri àdúgbò pé ó kù díẹ̀, á tún padà wá.

Kì í sì í ṣe àwọn tí ò lówó nìkan. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù mọ agbábọ́ọ̀lù Ivan Toney, wọ́n mọ Sandro Tonali ti Newcastle, lọ́dún 2023 ni wọ́n dá àwọn méjèèjì dúró, oṣù mẹ́jọ fún Toney, oṣù mẹ́wàá fún Tonali, torí tẹ́tẹ́. Owó tí àwọn yẹn ń gbà, ẹ mọ̀ ọ́n. World Health Organization ti kọ ọ́ sínú ìwé àìsàn wọn pé àìsàn ni tó bá ti di bárakú.

Ní Amẹ́ríkà, irú ẹjọ́ tiwa yìí náà ni wọ́n ṣe. Láti 1992 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti dí àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ àtiṣí tẹ́tẹ́ eré ìdárayá, yàtọ̀ sí Nevada àti díẹ̀ míì, New Jersey gbé e lọ Supreme Court, wọ́n sì fagi lé òfin yẹn ní oṣù karùn-ún ọdún 2018. Láti ìgbà yẹn ìpínlẹ̀ tó lé ní 30 ti ṣí i, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkejì ẹ̀ ń sáré kí owó má baà sọdá. New York ń gba 51% lára owó tó bá kù lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì tó ń ta á lórí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó àwọn tó jẹ. California ní tiwọn, àwọn aráàlú dìbò lé e lọ́dún 2022, àbá méjì ni wọ́n gbé síwájú wọn, àwọn aráàlú kọ méjèèjì. Àwọn onímọ̀ tó wá yẹ àkáǹtì àwọn èèyàn wò rí i pé níbi tí wọ́n ti ṣí tẹ́tẹ́ fóònù, àwọn tí gbèsè ń wọ̀ lọ́rùn ń pọ̀ sí i. Àwa ń bọ̀ lẹ́yìn, a ti rí ohun tó ṣe wọ́n, kí ló dé tá ò ní fi kọ́gbọ́n nígbà tá a bá ń kọ tiwa?

Ohun tí mo fẹ́ kó wà nínú òfin, yálà Lafia ló fẹ́ ṣe é àbí National Assembly fún FCT, kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ́fíìsì ẹjọ́ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kó ní fóònù tí wọ́n ń gbé, kí kọ́ńpìnnì tí kò bá sanwó láàárín ọjọ́ tí òfin sọ pàdánù láísẹ́ǹsì. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan nínú mélòó ni irú ẹ̀ lè wọlé. Láti ìparí 2020 ni wọ́n ti ní ká so NIN mọ́ láìnì, NIN mọ ọjọ́ orí wa, kí wọ́n lò ó kí ọmọ tí kò tíì pé 18 má lè ta á, kí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé. Ní Britain, wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ GAMSTOP, ẹni tó bá rí i pé ọwọ́ òun ò gbà á mọ́, á forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo kọ́ńpìnnì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní láísẹ́ǹsì níbẹ̀ á tìlẹ̀kùn mọ́ ọn fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún. Èyí ni mo fẹ́ jù. Àwọn kan wà nínú àwọn tó ń dájọ lọ́dọ̀ mi tó ti bẹ̀ mí pé kí n má fún àwọn lówó àwọn bí àwọn bá tiẹ̀ sunkún, wọ́n ń wá ẹni tó máa di àwọn lọ́wọ́ mú, alájọ lásán ni mí, agbára mi ò ká a. Àti owó yíyá orí fóònù yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ́ kó wọ inú àkáǹtì tẹ́tẹ́, torí bí ẹni tó yá a ò bá ti rí i san, gbogbo wa tí nọ́ńbà wa wà lórí fóònù ẹ̀ ni wọ́n ń fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ìtìjú ránṣẹ́ sí, mo ti gba irú ẹ̀, kò dáa létí rárá.

Ilé ìgbìmọ̀ Nasarawa àti àwọn tó ń ṣojú FCT ní National Assembly ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Kí wọ́n tó kọ iye owó láísẹ́ǹsì sílẹ̀, kí wọ́n wá pe ìpàdé ìta gbangba sí Mararaba àti Nyanya, ọjọ́ Sọ́ńdè nírọ̀lẹ́ ló dáa jù, ìgbà yẹn ni àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn máa ń wà nílé, èmi fúnra mi á bá wọn kó èrò wá.

Èmi ni,
Alájọ kan ní Nyanya, Àbújá.